Rélùwéè dé Àbújá, ọ̀nà àtidé ìdí ẹ̀ ló kù: Ohun tó yẹ káwa ọmọ Yorùbá bèèrè lórí àwọn ibùdókọ̀ tuntun



Ẹni tó gbéra láti Ìbàdàn tàbí Ọ̀fà tó ń bọ̀ ní Àbújá, tí Ọlọ́run mú un kọjá ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja láyọ̀, ó ti ní ohun tó máa dúpẹ́ lé lórí. Àmọ́ nígbà tó bá bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú báàgì méjì àti àpò gàárì kan, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, ìrìn àjò mìíràn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹn. Báwo ló ṣe máa dé Kubwa? Ta ló máa gbé e dé Lugbe? Ọkọ̀ tó dúró síbi òkùnkùn yẹn, tẹ́ni tó wà nínú ẹ̀ ń pe 'Nyanya, Mararaba', ṣé ọkọ̀ akérò gidi ni àbí 'one chance'? Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ẹnì kan tó ti kó sí wọn lọ́wọ́ rí. Tẹ́ ẹ bá sì wádìí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí i pé kì í ṣe inú gáréèjì, kì í sì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé. Àárín méjèèjì ni.

Àárín méjèèjì yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ìjọba ti náwó ńlá sórí rélùwéè àti ibùdókọ̀ lólú-ìlú wa lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. A ò bẹnu àtẹ́ lù wọ́n, torí ohun tó dáa la gbọ́dọ̀ pè ní dáadáa. Àmọ́ ilé ńlá tí wọ́n kọ́ kò tíì di ibùdókọ̀ àyàfi tí ẹsẹ̀ èèyàn bá lè gbé e dé ọjà, dé ibi iṣẹ́, dé ilé, láìsí pé ó ń gbàdúrà lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ la rò pé iṣẹ́ kù sí, ibẹ̀ náà sì lọ̀rọ̀ ti kan àwa tá a jẹ́ àlejò nílẹ̀ yìí ju bá a ṣe rò lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí

Lọ́dún 2007 ni wọ́n gbé iṣẹ́ rélùwéè tó máa máa ná àárín ìlú Àbújá fún iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà. Oṣù keje ọdún 2018 ni Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, wá ṣí ipele àkọ́kọ́. Ọ̀nà irin náà gùn tó kìlómítà 45, ibùdó 12 ló sì wà lórí ẹ̀. Kò pẹ́ tí àrùn Kòrónà fi dé lọ́dún 2020, lọkọ̀ bá dúró. Ó dúró títí táwọn olè fi ráyè bẹ̀rẹ̀ sí í tú irin àti wáyà. Ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tún un ṣí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń gbé èrò káwọn èèyàn lè tún mọ́jú ẹ̀.

Ẹ̀ka méjì ni ọ̀nà irin yìí ní. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìlú, ní Central Area, ó gba ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré ńlá, ó gba Kukwaba àti Wupa dé Idu. Láti Idu, ẹ̀ka kan yà sí Bassanjiwa àti pápákọ̀ òfurufú, èkejì gba Gwagwa, Deidei, Kagini, ó sì parí sí Gbazango lágbègbè Kubwa. Idu yìí kan náà ni rélùwéè tó ń lọ sí Kàdúná ti ń gbéra. Ẹ máa rántí orúkọ yẹn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ọkọ̀ yìí ṣí lọ́dún 2024, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí Mínísítà Nyesom Wike gbé jáde ni títì tó máa wọ àwọn ibùdó rélùwéè náà. Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa o. Wọ́n ti ṣí ibùdó lọ́dún 2018, wọ́n ti gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ti ya fọ́tò. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà kí wọ́n tó ṣe ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà dé àwọn ibùdó náà. Àṣìṣe ẹnì kan kọ́ nìyẹn, àṣà wa ni. Lórílẹ̀-èdè yìí, a máa ń kọ́ ilé ká tó ronú ẹnu ọ̀nà.

Yàtọ̀ sí rélùwéè, ibùdókọ̀ tuntun mẹ́ta ni ìjọba ìlú náà tún dáwọ́ lé: ọ̀kan ní Mabushi, ọ̀kan ní Kugbo lójú ọ̀nà Nyanya, ọ̀kan ní Central Area. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ ṣí ti Mabushi àti ti Kugbo. Ohun tí mínísítà náà sọ fáráyé ni pé òun fẹ́ fi wọ́n gbógun ti àwọn oní-'one chance', kí èrò lè mọ ibi tó ti ń wọkọ̀, kí ọkọ̀ náà sì jẹ́ èyí tórúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé. Ohun tó dáa gbáà ni. Ìbéèrè wa ni pé: báwo ni èrò ṣe máa dé Mabushi láti ilé ẹ̀, báwo ló sì ṣe máa kúrò ní Kugbo lọ síbi tó ń lọ?

Kí ló dé táyìíká ibùdó fi ń dá páropáro?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀dí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́dún 1979, nígbà tí wọ́n parí àwòrán olú-ìlú tuntun yìí. Nínú àwòrán náà, wọ́n ya ọ́fíìsì sọ́tọ̀, wọ́n ya ilé gbígbé sọ́tọ̀, wọ́n sì fi títì gbọọrọ sáàárín wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ èrò ńlá ló máa máa kó àwọn èèyàn lọ, kó wọn bọ̀. Ìjọba kó wá láti Èkó lọ́jọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1991. Títì ti dé, ọ́fíìsì ti dé, ọkọ̀ èrò ló kù. Ọdún 2018 ni rélùwéè tó dé, àwọn tó yẹ kó máa gbé ti wá ilé lọ sí Nyanya, Mararaba, Kubwa, Lugbe, Zuba àti Gwagwalada, nítorí agbára wọn ò ká owó ilé àárín ìlú.

Torí náà, àárín ìlú Àbújá ò dà bí Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn tàbí Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, níbi téèyàn ti máa bọ́ sílẹ̀ tó sì ti wà nínú ọjà. Ọ́fíìsì ńláńlá pẹ̀lú ọgbà àti géètì ló wà níbẹ̀. Títì tó wà láàárín ọ́fíìsì kan àti èkejì fẹ̀ débi pé ẹni tó bá ń sáré gba orí ẹ̀ kọjá ti fẹ̀mí ara ẹ̀ wéwu. Ọ̀nà Kubwa àti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú pàápàá, tí wọ́n fẹ̀ lójú títí tó fi di olójú mẹ́wàá, mọ́tò ni wọ́n fi wọ́n ṣe lóore. Ẹlẹ́sẹ̀ ò sí nínú ìṣirò.

Ọ̀kadà náà ò gbọdọ̀ wọ àárín ìlú láti ọdún 2006. Wọn ò sì jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ Márúwá ná àwọn títì ńlá inú ìlú. Ohun tó yẹ kó gba èrò lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin kó gbé e dé ẹnu iṣẹ́, wọ́n ti lé e lọ, wọn ò sì fi nǹkan kan rọ́pò ẹ̀. Ohun tó kù ni tákísí, 'drop', àti àwọn mọ́tò aládàáni tá a máa ń dá dúró lójú títì, tá a sì máa bẹ́ sínú ẹ̀ pé 'along'. Inú 'along' yìí làwọn oní-'one chance' fara pamọ́ sí. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà so kọ́ra wọn? Ibùdó tí kò ní ọ̀nà àtijáde tó dáa, òun fúnra ẹ̀ ló ń ti èrò sọ́wọ́ olè.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ráńpẹ́ ṣàlàyé ẹ̀. Ká ní ìṣẹ́jú 40 ni ọkọ̀ ojú irin fi ń gbé èèyàn dé àárín ìlú. Ká ní ó fi ìṣẹ́jú 20 rìn látilé dé ibùdó, ó dúró de ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 30, ó sì tún fi ìṣẹ́jú 25 wá bó ṣe máa dé ọ́fíìsì. Ó ti di ìṣẹ́jú 115, ó súnmọ́ wákàtí méjì. Ẹni tó wọ mọ́tò lójú títì lè lo wákàtí kan àti díẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ wá sọ ọkọ̀ ojú irin yẹn di ọ̀fẹ́ títí ayé, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ẹ̀ ń wo aago dè ò ní wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin ò ṣe nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 75 tó wà níwájú àti lẹ́yìn ẹ̀ ló ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́.

Àwọn baba wa ò bá a bẹ́ẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwa tá a wà lókè ọya lónìí, ojú irin ló gbé bàbá wa tàbí bàbá bàbá wa débẹ̀. Ojú irin dé Kánò lọ́dún 1911. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Sabon Gari bẹ̀rẹ̀, tí ìtumọ̀ ẹ̀ lédè Haúsá ń jẹ́ ìlú tuntun. Akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti alájàpá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kúnbẹ̀. Ká má parọ́, àwọn òyìnbó amúnisìn ò dá Sabon Gari sílẹ̀ torí ìfẹ́ wa. Wọ́n fẹ́ ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára onílé ni. Síbẹ̀, ohun kan wà tó ṣe wá láǹfààní níbẹ̀: ibùdó rélùwéè, ọjà àti ilé gbígbé ò jìnnà síra wọn. Alájàpá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, alábàárù gbé e, wọ́n rìn, wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí Sabon Gari di ọjà ńlá.

Ẹ wá fi wé ti òde òní. Rélùwéè Àbújá sí Kàdúná, tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2016, gùn ní nǹkan bíi kìlómítà 186. Ibùdó ẹ̀ ní Kàdúná wà ní Rigasa, ibùdó ẹ̀ ní Àbújá sì wà ní Idu tá a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kò sí èyí tó wà láàárín ìlú nínú méjèèjì. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 2022, táwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ló tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ ààbò lójú irin la máa ń sọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èrò tó bọ́ sílẹ̀ ní Rigasa lálẹ́ tó fẹ́ lọ sí ìgboro ṣì ní ìrìn àjò tiẹ̀ láti rìn, ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní Idu náà sì ní tiẹ̀. Tí rélùwéè inú ìlú àti ti Kàdúná bá bá ara wọn ṣe àdéhùn àsìkò ní Idu, kí ọkan máa dúró de èkejì, ìdajì ìyọnu yẹn ti tán láì ná kọ́bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ìwé àkókò lásán ni.

Nílé náà, kò yàtọ̀. Ibùdó rélùwéè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Íbàdàn, Mọníyà ló wà. Àwọn tó ń bọ̀ látÈkó mọ̀ pé láti Mọníyà dé Mọ́kọ́lá tàbí Chállẹ́ńjì, owó mìíràn ni, ìrìn mìíràn ni. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn òkè ọya nìkan lèyí.

Ohun rere àti ohun búburú tí Òṣòdì kọ́ wa

Bá a bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tún ibùdókọ̀ àárín ìlú ṣe, Èkó ti fi orí kọ́ ọ fún wa. Gbogbo ẹni tó ti gba Òṣòdì kọjá láyé ijọ́un ló mọ bó ṣe rí: mọ́tò, ọjà, àgbérò àti jàǹdùkú lórí ilẹ̀ kan náà. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí. Ilé mẹ́ta ni, wọ́n ya àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn sọ́tọ̀ kúrò lára tàárín ìlú, wọ́n sì fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ so àwọn ilé náà pọ̀, kéèyàn má baà máa sáré níwájú mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin Red Line náà wá ń dúró l'Óṣòdì, látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò lóṣù kẹwàá ọdún 2024.

Ní Marina lẹ́bàá ọ̀sà, ibùdó rélùwéè Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ò jìnnà sí bọ́ọ̀sì CMS àti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra. Káàdì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Cowry lèèyàn lè fi sanwó rélùwéè, bọ́ọ̀sì BRT àti ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Ẹni tó mú káàdì kan dání ò ní máa tú àpò lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ayé. Èyí tó wù wá pé kí Àbújá wò kọ́ṣe nìyẹn.

Àmọ́ Òṣòdì ní apá kejì táwọn fọ́tò kì í fi hàn. Oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n wó ọjà Owónifàrí palẹ̀. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ké gbàjarè, wọ́n ní ọjà àwọn ò tíì jáde tán tí katakata fi dé. Ìjọba ní òun ti fún wọn láyè síbòmíràn. A ò ní dájọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lónìí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ló kàn wá: ibùdókọ̀ tuntun lè dára lójú, kó sì jẹ́ pé àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ l'Ékòó tó jẹ́ ilẹ̀ wa, kí lẹ rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pè wá ní àlejò?

Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé?

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn wa gan-an la fẹ́ sọ yìí. Ẹ wo gáréèjì èyíkéyìí ní Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Minna, ẹ máa bá èèyàn wa níbẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tó ń ro àmàlà láti aago márùn-ún ìdájí ńkọ́? Fọganáísà, rewáyà àti mẹkáníìkì ńkọ́? Ẹni tó ń gba ẹrù tá a fi ránṣẹ́ sílé, tó mọ dírẹ́bà lórúkọ, tó mọ ọmọ ẹni tó fẹ́ gbà á l'Ọ́ṣogbo? Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn àyàfi rìsíìtì ojoojúmọ́ tí wọ́n ń já fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó gáréèjì lọ, rìsíìtì yẹn ò sọ ẹnikẹ́ni di onílé.

Ní ìlú kan tá ò ní dárúkọ, àwa kan nínú wa bá ìyá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan sọ̀rọ̀ tó ti lé lógún ọdún tó ti ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Nígbà tí wọ́n kó gáréèjì náà lọ sí ìta ìlú, wọ́n ní kí wọ́n wá gba fọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀bù. Ìyá gbọ́, ó lọ. Wọ́n ní kó mú ìwé ọmọ onílẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ibí ni mo bí ọmọ mẹ́rin sí, ibí ni mo sin ọkọ mi sí, ìwé wo ni mo tún fẹ́ mú wá?" Kò rí ṣọ́ọ̀bù gbà. Ó ṣì ń ro àmàlà ẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ èrò ò sí níbẹ̀ mọ́. Ibùdókọ̀ tuntun náà ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló tì pa, torí ẹni tó lówó ẹ̀ ò mọ iṣẹ́ ẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ò lówó ẹ̀. Àwọn dírẹ́bà ń wá ibi tí wọ́n ti máa jẹun, wọn ò rí.

Ìpàdánù ìyá yẹn nìkan kọ́ ni ìyẹn. Ìpàdánù ibùdókọ̀ náà ni. Níbi tí olóúnjẹ bá wà, iná máa ń wà níbẹ̀ lálẹ́, ojú máa ń wà níbẹ̀. Jàǹdùkú máa ń ronú lẹ́ẹ̀mejì níwájú obìnrin tó mọ gbogbo èèyàn tó ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ ààbò tí ìjọba máa ń sọ

A mọ èsì táwọn aláṣẹ máa fún wa. Wọ́n máa ní èrò púpọ̀ àti ọjà lẹ́nu ibùdókọ̀ ló ń fa ìwà ọ̀daràn, pé ó ń pe àwọn apániláyà. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ lèyí, torí ojú wa ló ṣe. Ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 2013, bọ́ǹbù bú gbàmù ní gáréèjì New Road, Sabon Gari, Kánò, níbi táwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí gúúsù ti ń gbéra. Ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 2014, ó tún ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì Nyanya, èèyàn tó lé ní àádọ́rin ló kú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Nínú méjèèjì, mọ́tò ni wọ́n fi gbé bọ́ǹbù wọlé, wọ́n sì rí ọ̀nà gbé mọ́tò náà dé àárín èrò. Kì í ṣe abẹ́ igbá àmàlà ni wọ́n gbé e sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ la fẹ́ kọ́, òun ni pé kí ibi tí èrò ń rìn sí yàtọ̀ pátápátá sí ibi tí mọ́tò ń wọ̀, kí ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà nínú ìwé má ṣe wọlé, kí ẹnu ọ̀nà àtijáde sì ju ẹyọ kan lọ, torí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń kó èrò pọ̀ sójú kan. Ìyẹn ni ibùdókọ̀ tó láàbò. Lílé ìyá oníṣu sísè kò dí ọ̀nà kankan mọ́ apániláyà.

Ohun márùn-ún tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè

Ibùdókọ̀ Central Area, àyíká Mabushi àti Kugbo, àti ẹnu àwọn ibùdó rélùwéè wà lára ohun tí àtúnṣe ṣì lè dé bá. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan, ohun tá a rò pó yẹ kẹ́ ẹ gbé lọ síwájú àwọn aláṣẹ nìyí:

1. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Láti ẹnu gbogbo ibùdó, kí ọ̀nà tó ní iná àti ibòji máa lọ títí dé ọ́fíìsì, ọjà àti ilé tó wà láyìíká. Níbi tí títì ńlá bá ti dínà, kí afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà, kí ó sì wà níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń gbà nítòótọ́, kì í ṣe ibi tó rọ agbaṣẹ́ṣe lọ́rùn.

2. Ọkọ̀ kékeré tórúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá ò bá lè wọ àárín ìlú, kí bọ́ọ̀sì kékeré máa yí àárín ìlú ká láti ibùdó rélùwéè. Ní Kubwa, Deidei àti àwọn ìlú tó yí wa ká, kí àyè kẹ̀kẹ́ Márúwá wà nínú ọgbà ibùdó, kí nọ́ńbà dírẹ́bà hàn gbangba.

3. Kíka àwọn ọlọ́jà kí wọ́n tó wó ohunkóhun. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń ṣòwò nínú gáréèjì àtijọ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí owó wọn ká wà fún wọn nínú ti tuntun. Kí wọ́n má ṣe béèrè ìwé ọmọ onílẹ̀. Iye ọdún téèyàn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kí wọ́n fi pín in.

4. Àsìkò. Àwọn bọ́ọ̀sì láti Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ máa ń wọlé nírọ̀lẹ́ tàbí lálẹ́. Ibùdókọ̀ tó bá tilẹ̀kùn kí wọ́n tó dé ò wúlò fún wa. Kí ibi ìjókòó tó níná àti ẹ̀ṣọ́ wà fún ẹni tílẹ̀ bá ṣú mọ́.

5. Ìwé ọkọ̀ kan. Kí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ṣe é wọ bọ́ọ̀sì tó ń gbani lẹ́nu ọ̀nà, kí rélùwéè Kàdúná àti tinú ìlú sì máa pàdé lásìkò ní Idu.

Kí á má dá a ṣe

Ohun kan ṣoṣo la ó fi kún un. Tá a bá lọ bá àwọn aláṣẹ pé "àwa Yorùbá la fẹ́ èyí", wọ́n á gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, wọ́n á sì fi sápò. Àmọ́ Ìgbò tó ń ta páàtì mọ́tò nínú gáréèjì náà ò ní ìwé ọmọ onílẹ̀. Tiv tó ń já iṣu níbẹ̀ ò ní in. Haúsá tó wá láti Kánò wá ta súyà ní Àbújá, àlejò lòun náà. Àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ gan-an ti ń sunkún ilẹ̀ wọn tó lọ tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n, ká jọ jókòó, kí ìwé tá a máa kọ ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti oní-mọ́tò nísàlẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àsìkò tó yẹ ká ṣe é náà ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbà tí katakata bá dé la máa ń rántí pé a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà yẹn, àwòrán ti jáde, agbaṣẹ́ṣe ti gbowó, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń ya àwòrán lórí bébà ni rọ́bà ṣì lè pa nǹkan rẹ́.

Nítorí náà, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbàdúrà, tẹ́ ẹ sì ti gba owó oṣù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kẹ́ ẹ béèrè ìbéèrè kan: "Nílùú tá a wà yìí, ṣé wọ́n fẹ́ kó gáréèjì tàbí kọ́ ibùdó rélùwéè, ta sì ni nínú wa tó ti rí àwòrán ẹ̀?" Tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì rí i, ẹ yan èèyàn mẹ́ta kí wọ́n lọ béèrè fún un kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ire o, ẹ̀yin èèyàn wa. A ó máa dé ibi tá à ń lọ láyọ̀.